Dúró Kọ́ Ni Retí

"Ó tún ti dákú." Ọ̀gá Àdàkọ ló sọ bẹ́ẹ̀, tó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún Alágídí, ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀, tó jókòó tì í ní yàrá kọ̀ǹpútà.

Òótọ́ ni. Fèrèsé tí ọmọbìnrin náà ṣe sójú kọ̀ǹpútà fún ìdánwò àfọwọ́ṣe ti jókòó pa, bí ìdí ìyá àgbà tó bá àga tìmùtìmù pàdé. Ẹ bi mí wò, èmi tí mo ní irú rẹ̀. Ó yẹ kí fèrèsé náà máa fa àwòrán wá látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì máa jẹ́ ìpè lásìkò kan náà. Àmọ́ bí àwòrán bá ti ń bọ̀, bọ́tìnnì a yadi.

Alágídí mọ ibi tí ìjà wà. Fèrèsé ní alábòójútó tirẹ̀ tó ń yípo láìsinmi, tó ń wò bóyá ẹnì kan tẹ nǹkan. Àkójọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, tó ń fa àwòrán náà ní tirẹ̀. Ọkọ̀ kan, awakọ̀ méjì.

Ọ̀gá Àdàkọ na fúláàṣì tó kó iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ sí i, pé kó dà á kọ. Inú ètò tirẹ̀ ni àwòrán ti wà látilẹ̀. Ńṣe ló kàn ń díbọ́n pé òun ń fà wọ́n. Olùkọ́ wọn náà ní kó gbà á, olùdánwò ti wọ ọgbà, ẹni tó bá sì gba òdo yóò tún kíláàsì kà.

"Ẹ má bínú, sà," ni Alágídí wí. "Bó bá jẹ́ òdo ni, kó jẹ́ òdo tèmi."

Olùkọ́ ní orí kunkun ni yóò pa á. Alágídí ní ó dáa, sà, ó sì dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó fi alábòójútó àwòrán sábẹ́ ti fèrèsé, kí ẹnì kan ṣoṣo lè máa darí. Síbẹ̀ ó dákú. Ó tún kọ́ọ̀dù rẹ̀ kà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Àṣẹ tó túmọ̀ sí "dúró" ló kọ síbi tó yẹ kó kọ "retí". Ẹni tó ń retí àlejò kì í dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà. Á máa gbálẹ̀, á sì máa dá ọmọ lóhùn. Ó yí àṣẹ náà padà.

Nígbà tí obìnrin olùdánwò náà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fa okùn íńtánẹ́ẹ̀tì yọ lára kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àdàkọ. Àwòrán ṣì ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó béèrè bóyá afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn bọ̀. Olùkọ́ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Òdo ni wọ́n kọ fún ọmọ náà.

Ní ti Alágídí, àwòrán kan wọ́, òmíràn dorí kodò. Àmọ́ bí wọ́n ti ń wọlé, olùdánwò tẹ bọ́tìnnì "Ó tó", gbogbo rẹ̀ sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Kò sẹ́nì kan, mà. Ẹ ò rí bó ṣe wọ́ ni?"

Ìdajì máàkì ló gbà, ó sì fi yege. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀wù àyálò, bí kò bá fún ni lápá, a ṣo ni lọ́rùn. Bí tiyín bá tiẹ̀ wọ́, ẹ wọ̀ ọ́ jáde, kẹ́ ẹ sì gbórí sókè.