Ohun Tó Wà Nínú Gèlè Ìyá Àgbà

Ẹsẹ̀ ń yún Ṣemílóore, kò sì gbọ́dọ̀ họ ọ́. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, afọ́jú sì ni. Ó jókòó ní igun yàrá, àwọn ọmọ ń jà níwájú rẹ̀ nítorí ìwé ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Challenge. Bí eré ṣe wí nìyẹn. Ní ti òótọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, SS2 ló wà, ojú rẹ̀ sì ń ríran ju ti ẹyẹ àṣá lọ.

"Ṣemílóore, ẹsẹ̀," ni Àǹtí Láwùmí sọ láti iwájú. "Ìyá afọ́jú kì í jó lórí ìjókòó."

"Ẹ má bínú, mà."

Àǹtí Láwùmí ló dá Ẹgbẹ́ Òṣèré Àgbájọ sílẹ̀ ní Agbowó. Òun ló ń darí eré, òun náà ló ń sáré kiri nítorí gbọ̀ngàn, tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìpolówó. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni eré tuntun wọn yóò gbà, Ṣemílóore kò sì ní ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ láti sọ. Ìparí ló ń dúró dè. Níbẹ̀ ni Ìyá Àgbà tí gbogbo wọn ti gbàgbé yóò ti dìde, yóò tú gèlè rẹ̀, ìwé ilé yóò já bọ́ sílẹ̀, yóò sì wo àwọn ọmọ náà lójú lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ̀ pé kò fọ́jú rárá.

Àṣírí ìparí yìí gan-an ni ọjà tí ẹgbẹ́ náà ń tà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sára ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ láti Agbowó dé Dúgbẹ̀: "Ta ló gbé ìwé ilé?" Kí eré tó parí, òǹwòran kọ̀ọ̀kan yóò kọ orúkọ ẹni tó fura sí sí ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yóò sì jù ú sínú àpótí. Alájà Àmúdàtù, oníṣòwò aṣọ ní Dúgbẹ̀ tó bá wọn gba gbọ̀ngàn ní Bódìjà, ti ṣèlérí àńkárá fún ènìyàn mẹ́wàá tó bá mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí gbogbo òṣèré fi ń kó fóònù wọn sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Suhail nìkan ni tirẹ̀ ń wọlé. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó iná ni, òun ló sì ń ya ìdánrawò sínú fídíò kí Àǹtí lè tún un wò nílé.

Ní ọjọ́ Ajé yìí, bí wọ́n ṣe parí, Suhail lọ kírun, ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò tì í. Ṣemílóore kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dúró. Ó kàn fẹ́ wo bí òun ṣe rí ni, bẹ́ẹ̀ ló sọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí arúgbó tó ń dìde nínú fídíò náà, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń tú gèlè, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé gbogbo ìkìlọ̀. Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí fóònù ara rẹ̀, ó sì pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́ kí Suhail tó dé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń dùn ún. Ayọ̀kúnnúmi tí wọ́n jọ ń jókòó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ipa tí wọ́n fún un. "Ṣé ìwọ ni Ìyá Àgbà, àbí ìwọ ni àga tí Ìyá Àgbà jókòó lé?" Nítorí náà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó gbé fídíò náà sórí WhatsApp rẹ̀ fún wákàtí kan péré, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá wo àga." Lẹ́yìn náà ló yọ ọ́ kúrò, ó rò pé ó tán síbẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnì kan ti gbé e lọ sórí TikTok. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń ta káàdì fóònù ní Agbowó dá a dúró: "Ìwọ kọ́ ni ìyá tó fi gèlè pa ìwé mọ́ yẹn?"

Ní Ọjọ́rú, Àǹtí Láwùmí gbé fídíò náà síwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ojú gbogbo wọn yí sí ọ̀dọ̀ Suhail.

"Mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, Àǹtí."

"Fóònù ta ni wọ́n fi yà á?"

"Tèmi ni, mà."

"Ta ló tún ń mú fóònù wọlé síbí?"

Àǹtí ní kí Suhail máa lọ sílé ná. Ó ká wáyà iná rẹ̀ dáadáa, ó tò ó síbi tó yẹ, ó sì jáde. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu Ṣemílóore, ó gbé e mì.

Láti ìgbà náà ni kò ti lè jókòó síbì kan. Ó ń gbálẹ̀ tí wọ́n ti gbá, ó ń ṣí ìwé láìkà á. Ìyá rẹ̀ béèrè pé, "Kí ló ń lé ẹ kiri?" ó ní kò sí nǹkan kan. Ayọ̀kúnnúmi tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ti ń yìn ín báyìí, ìyìn náà ò sì dùn létí rẹ̀ mọ́.

Ní Sátidé, Alájà Àmúdàtù fúnra rẹ̀ wá. "Láwùmí, mi ò lè máa fún ẹni tó ti rí ìdáhùn lórí fóònù láṣọ. Ẹ wá ìparí mìíràn. Tí ò bá sí, màá ní kí wọ́n fún ẹlòmíì ní gbọ̀ngàn yẹn."

Bọ̀dá Ikúbọlájẹ́, àgbà òṣèré tó ń ṣe àkọ́bí nínú eré, lọ mú fóònù rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀gá Suhail ní Challenge. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ iná, tó ń tú àṣírí oníbàárà, ó yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀."

Ọmọṣẹ́ méjì ni ọ̀gá náà ti lé lọ lọ́dún yìí nìkan. Gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣemílóore dìde.

"Ẹ má pè é, Bọ̀dá. Èmi ni." Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí bẹ́ǹṣì dé orí WhatsApp, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Àǹtí Láwùmí ò pariwo. "Lọ́jọ́rú, nígbà tí mo lé ọmọ ọlọ́mọ jáde, o jókòó síbí?"

"Mo jókòó síbí, mà."

Ìyẹn dun Àǹtí ju fídíò lọ. Bọ̀dá Ikúbọlájẹ́ gun ọ̀kadà lọ wá Suhail. Nígbà tó mú un dé, gbogbo ẹgbẹ́ bẹ̀ ẹ́, Àǹtí ló kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó yíká, kálukú ń mú àbá wá, wọ́n ń gbà, wọ́n ń kọ̀, Àǹtí ń kọ, ó ń pa rẹ́. Islamiyat, ọmọbìnrin tó ń ṣe àbíkẹ́yìn nínú eré, ló sọ pé, "Bí gbogbo ayé bá ti gbà pé inú gèlè ló wà, ẹ jẹ́ kí Ìyá Àgbà náà gbà bẹ́ẹ̀."

Suhail gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kó tú u, kó má bá nǹkan kan níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn ti yọ ọ́ nígbà tó sùn."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Àǹtí yíjú sí Ṣemílóore. "O gbọ́? Ọ̀rọ̀ ìparí ti di ti Islamiyat. Ìwọ á tú gèlè lásán, wàá jókòó pa dà. Ṣé wàá ṣe é?"

Ó dùn ún wọra. "Màá ṣe é, mà."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn Bódìjà kún. Ọ̀pọ̀ ló ti rí fídíò náà, wọ́n sì fi ìdánilójú ju ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì sínú àpótí. Bí Ìyá Àgbà ṣe dìde, ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Tú u, Màmá, a ti mọ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣemílóore tú gèlè, ó gbọ̀n ọ́n, kò sí nǹkan kan. Ó tún tú ìṣẹ́po rẹ̀ wò. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín dìde láti wò ó. Ìtìjú tó wà lójú rẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe eré. Suhail mú iná kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e lọ bá Islamiyat tó ń yọ ìwé nínú báàgì rẹ̀. Ariwo àti àtẹ́wọ́ bẹ́ sílẹ̀, Ṣemílóore sì jókòó nínú òkùnkùn, ó ń gbọ́ ọ. Ènìyàn méje péré ló mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì gba àńkárá.

Nígbà tí èrò ti ń tú ká, ó lọ bá Suhail níbi tó ti ń ká wáyà.

"Suhail, jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Suhail ò dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀. "Mi ò bínú sí àwọn yòókù, wọn ò mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo yín fi kà mí sí ọ̀dàlẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé irọ́ ni."

Ṣemílóore ti rò pé fídíò yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ọjọ́ yẹn ló yé e pé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ làágùn sí kì í ṣe ti ẹnì kan láti fi ṣe fáàrí, àti pé ẹni tó ṣẹ̀ tó sì dákẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kejì ló dá, èyí tó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.