Ẹni Tó Ni Àárín Fóòmù

Nígbà tí Oníwọ̀n àti ìyàwó rẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì àdánwò, kòtò mẹ́ta ló wà lórí fóòmù náà. Èyí tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ lápá òsì kún padà. Ti obìnrin náà lápá ọ̀tún kún padà, bí rọ́bà gidi ti máa ń ṣe. Ti àárín kò kánjú. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ibi tí ẹnì kan fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí, ó sì rọra ń kún bí ẹni tí wọ́n jí tí kò fẹ́ dìde.

Ìyá Rọ́bà, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, máa ń fi rúlà wọn bí oníbàárà ṣe rì tó. Ó wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí káàdì, ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ṣé ọmọ kékeré máa ń wá sùn láàárín yín ni?"

"Irungbọ̀n àbíkẹ́yìn mi gùn ju tèmi lọ," ni Oníwọ̀n dáhùn.

"Kò burú. Màá kúkú ṣe àárín náà lọ́tọ̀."

Oníwọ̀n kì í ṣe ẹni tí nǹkan kékeré ń já láyà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wọn ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́bàá títì, ó sì gbà pé ohun tí kò bá ti tẹ ìwọ̀n, kò sí láyé. Ìgbàgbọ́ yìí kò já a kulẹ̀ rí. Ikùn ara rẹ̀ pàápàá, àfìgbà tó gun ìwọ̀n ló tó gbà pé ó wà.

Tíṣà, ìyàwó rẹ̀ tuntun, ló fa gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló fẹ́ ẹ, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti lo ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ tó bá sọ̀rọ̀, èèyàn á ṣì na ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń jí létí bẹ́ẹ̀dì, tí orúnkún kan ń gún òun lẹ́yìn. Oníwọ̀n ní orúnkún òun ni. Ṣùgbọ́n ògiri ni Oníwọ̀n máa ń kọjú sí tó bá ń sùn, orúnkún rẹ̀ náà sì ń bá a wo ògiri.

"Bàbá, tí fóòmù tuntun kò bá jẹ́ kí n sùn," Tíṣà ti sọ fún un, "ilé àbúrò mi kò jìnnà."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Ọdún mẹ́ta tó fi dá sùn, tó ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń wúkọ́, ti tó o.

Bí Ìyá Rọ́bà ṣe ń ṣe fóòmù rẹ̀ nìyí: ìbòrí kan tó ní síìpù, apá mẹ́ta nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ìpele mẹ́ta. Rírọ̀ wà, agbedeméjì wà, líle wà; bó bá ṣe wu oníkálukú ni yóò tò ó. "Ìpele òkè, awọ ara ló ń gbọ́ ọ," ó ní. "Ti ìsàlẹ̀, egungun ló ń gbọ́ ọ." Oníwọ̀n mú rírọ̀ lórí rírọ̀ lórí rírọ̀. Tíṣà mú rírọ̀ lókè, líle nísàlẹ̀. Àárín, kò sẹ́ni tó béèrè, wọ́n fi agbedeméjì sí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún tí fóòmù náà délé, Tíṣà ti wọṣọ, ó jókòó sórí àga, báàgì wà lórí itan rẹ̀.

"Orúnkún yín tún ti dé."

Wọ́n jọ ṣí síìpù náà. Apá òsì tẹ́ pẹrẹsẹ, apá ọ̀tún náà tẹ́. Ti àárín ti rì dé ìpele ìsàlẹ̀: èjìká kan, ìbàdí kan, ẹsẹ̀ tó ká. Òórùn ìpara kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń ra ẹ̀yìn ríro. Oníwọ̀n mọ òórùn náà. Ó pinnu pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Tíṣà gbé ọwọ́ lé kòtò náà, ó sì yára fà á padà. "Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá, ta ló ń sùn síbí?"

"Rọ́bà tuntun ni. Ó ń wá bó ṣe máa jókòó."

Tíṣà wò ó bó ṣe máa ń wo ọmọ tó ní òun ti kàwé òun tán. "Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fún yín."

Oníwọ̀n nìkan ló padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ronú jinlẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń sùn, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ ìrọ̀rùn. Bí ibẹ̀ bá ni ín lára, yóò lọ síbòmíràn.

"Ẹ fún mi ní líle sí àárín," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó le jù lọ tẹ́ ẹ ní."

"Ṣé ẹ ti bi í?"

"Ta ni mo fẹ́ bi?"

"Ẹni tó ni àárín," Ìyá Rọ́bà fèsì, ó ń nu rúlà rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ ṣáà fún mi ní líle."

Wọ́n wá tò ó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Oníwọ̀n fi ìkúùkù gbá a, ìkúùkù ló dùn ún. Láti ọjọ́ yẹn, orúnkún náà dáwọ́ dúró. Tíṣà sùn, ó tún hanrun. Ó tú báàgì rẹ̀ palẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà pé, kò lọ sí ibì kankan, Oníwọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ilé bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú kan.

Ó ń gbádùn ìrọ̀lẹ́ lápá tirẹ̀ tó rọ̀ nígbà tí fóònù dún.

"Bàbá, mo ní kí n kí yín ni," Ìyá Rọ́bà wí. "Ìyàwó yín wá lánàá. Ó ní ẹ̀yìn kò dun òun mọ́."

"Tíṣà kò jáde lánàá."

"Kì í ṣe Tíṣà. Èyí tó ga, tó máa ń fi ọwọ́ kan ti ìbàdí tó bá ń rìn."

Oníwọ̀n mọ ẹni náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ fi bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn wá ibùsùn tó le, nítorí ẹ̀yìn òun. Oníwọ̀n, tó ń jókòó sórí àga onírin láti àárọ̀ dalẹ́, ní pákó kọ́ ni ibùsùn. Nígbẹ̀yìn, orí sìmẹ́ńtì ni obìnrin náà ń sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí, ohun tó wá sí Oníwọ̀n lọ́kàn, kí Ọlọ́run foríjì í, ni pé obìnrin náà ti rí èyí tó le. Òun sì tún nìyí, tó fi ẹnu ara rẹ̀ yan ìpele líle mẹ́ta fún un.

"Ó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀," Ìyá Rọ́bà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kí n ṣe apá òsì náà ní líle, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bíi tòun. Ó ní ẹ máa kọ́kọ́ ní ó le jù, pé yóò mọ́ yín lára. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ gígùn yín. Àwọn tó gbé e ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ bí Tíṣà ṣe ṣí i, tó kí wọn káàbọ̀.

"Bàbá! Wọ́n gbé nǹkan yín dé o. Wọ́n ní kí ẹ má wulẹ̀ dìde. Kí ẹ na ẹsẹ̀ tààrà, kí àwọn wò ó bóyá ó gùn tó."

Ó fẹ́ dìde. Fóòmù tó rọ̀ jù kì í tètè jẹ́ kí àgbàlagbà dìde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí rọ́bà tí ìkúùkù kò ràn, kòtò kan rọra ń jìn wọlé, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn.

Ohun tó ń ba Oníwọ̀n lẹ́rù látẹ̀yìn wá ni pé wọ́n lè fi òun nìkan sílẹ̀ lórí ibùsùn. Ní ti ìyẹn, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.