Kókó Kẹjọ Tí Kò Níṣẹ́

Àna mi sín ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi tí mo jókòó tì í kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Mo rí sísín náà o. Orí rẹ̀ lọ síwájú, èjìká rẹ̀ gbọ̀n, aṣọ ìborí rẹ̀ yọ̀ sẹ́yìn, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ṣùgbọ́n ariwo sísín kò jáde. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Àna mi wò mí. Mo yí ojú mi sí àwọn aṣọ tí à ń ká, mo ń ká síńgílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nítorí mo mọ ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, arúgbó tó bá sì rí ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀, bí ẹni jẹun yó ni. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá máa gbé àbúrò pọ̀n, nítorí náà bí ẹ bá dé ibi tí bírò mi ti kọsẹ̀, ẹ bá mi fò ó.

Ọmọ tí ọmọkùnrin mi bí, òun ni ọkọ mi. Bí ìyá àgbà ṣe ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí ìdodo rẹ̀ kò tíì jinná. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí, irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n rẹ̀, iṣẹ́ orin ló sì ń ṣe nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé. Orin inú kọ̀ǹpútà ni. Ó ti fi fóòmù bo ògiri yàrá náà yíká, débi pé tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, èèyàn á máa gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nínú etí.

Lórí tábìlì, níwájú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kan wà tó pẹrẹsẹ bí àwo tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ. Kókó mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀, irú èyí tí à ń yí lára rédíò láyé ijọ́un, iná pupa kékeré sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé kí ni ẹ̀rọ yìí wà fún, nígbà tí gbogbo nǹkan ti wà nínú kọ̀ǹpútà.

"Màmá Àgbà, tí orin bá ń lọ lọ́wọ́ níwájú èrò, kò sí àyè kí n máa fi máòsì wá nǹkan kiri. Mo fẹ́ máa fi ọwọ́ mi méjèèjì tún un ṣe bó ṣe ń lọ, bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ tó ń tọ́ ọ wò."

Ó wá fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fún kókó níṣẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ojú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ aró, ó ń ṣẹ́jú.

"Ó ti ń dúró nìyẹn. Ohun tí mo bá tọ́ka sí báyìí, kókó tí mo bá yí tẹ̀lé e ló ni ín. Tí mo bá tọ́ka sí ìlù, tí mo yí kókó kìíní, kókó kìíní ti di ọ̀gá ìlù títí mo fi máa pa á rẹ́."

"Ó wá kọ́ ọ láìsí tíṣà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Màmá. Kì í gbàgbé."

"Ó sàn jù ọ́ lọ nílé ìwé nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín. Kókó mẹ́fà ló fún níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní keje àti ìkẹjọ kò tíì níṣẹ́.

Ibi tí ìfọ̀kànbalẹ̀ mi parí sí ni ìgbà tí àna mi kó dé. Òun ni ìyá ìyàwó ọmọ mi. Orúnkún ń dùn ún, kò lè dá gbé mọ́, ọmọ rẹ̀ ní kó wá. Èmi náà ní kó wá, àbí mo lè ní kó má wá? Bó ṣe wọlé, ó la apá méjèèjì, ó ké pé, "Ọkọ mi!"

Ọkọ ta ni?

Báyìí ni mo ṣe di ìyáálé ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí wọ́n fẹ́ ìyàwó lé mi lórí láìsọ fún mi.

Àna mi sì ní ohùn. Irọ́ kò yẹ àgbà. Ó ń ká aṣọ lọ́jọ́ kan, ó ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kọrin, ni ọkọ mi bá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ títí tíì fi tutù. Ọjọ́ kejì ó mú un wọ yàrá fóòmù, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ náà, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá sọ̀rọ̀ nínú ilé, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Mo ní ariwo obìnrin yìí ló bo tèmi mọ́lẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo wọ aṣọ tó dáa, mo ní kí ọkọ mi gba tèmi náà sílẹ̀. Mo kọ orin mẹ́ta. Ó fi nǹkan bo etí, ó gbọ́ ọ, ó fajú ro.

"Màmá Àgbà, ohùn yín dùn. Ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni?"

"Ó jìnnà. Ó ń dún bí ẹni pé inú yàrá kejì lẹ ti ń kọ ọ́."

"Ṣùgbọ́n" yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo jí bá. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi wẹ̀! Mo máa ń jókòó sí pálọ̀, kí n máa gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbé tíì lọ fún un. Ó ti tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà ti di aró, ó ń ṣẹ́jú. Ni wọ́n bá kan géètì. Ó sáré jáde láìpa ilẹ̀kùn dé, àna mi pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ nǹkan kan, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ ló ròkè.

Mo jókòó sórí àga ọkọ mi. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ọkàn mi ju obìnrin yẹn lọ, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo di kókó kẹjọ mú, nítorí òun ni kò níṣẹ́. Mo ní, "Rọra, jàre." Mo yí i sí òsì díẹ̀.

Ẹ̀rín àna mi lọ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò dáwọ́ ẹ̀rín dúró o. Ó ṣì ń rín in. Ó kàn lọ sílẹ̀, bí rédíò. Mo yí i sí ọ̀tún, ẹ̀rín gòkè. Òsì, ó lọ sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn. Mo fi í sílẹ̀ sí òsì, mo gbé ife tí mo gbé wá, mo sì mu tíì náà fúnra mi.

Bí ọkọ mi bá ti jáde nílé, mo máa ń yọ́ wọlé lọ yí i díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, bí ẹní ń bu ṣúgà. "Màmá, ẹ ní kí lẹ wí?" ni gbogbo wọn wá ń wí fún àna mi. Dókítà fi iná wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tó yá, sálúbàtà rẹ̀ kò dún nílẹ̀ mọ́. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí táìlì, mo rí i tó ń ta pọ́ún-pọ́ún, kò dún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ gan-an bu oúnjẹ sáwo mẹ́rin. Márùn-ún ni wá. Ó wo àwo, ó wo wá, ó ní, "Kí ló ṣe mí ná?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Mo rò pé ohùn rẹ̀ ni mo fi lé kókó náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ohùn nìkan. Òun ni, lódindi.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ló sín sísín yẹn. Nígbà tí mo ká síńgílẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀ẹ̀mẹrin, àna mi sún mọ́ mi, ó fi ẹnu kan etí mi. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Àna mi, ẹ yí mi padà."

"Kí n yí yín padà sí ibo?"

"Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ yín."

"Tí ẹ rí i, kí ló dé tí ẹ kò pariwo?"

Ó wo ilẹ̀. "Ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà?"

Mo ju síńgílẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀.

"Kókó keje," ó ní. "Lọ́jọ́ tó gba ohùn mi sílẹ̀. Ó lọ bu omi wá, ojú kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣẹ́jú. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọ náà, Màmá Àgbà ní báyìí, Màmá Àgbà ní bọ́hùn-ún. Ó sú mi. Mo yí i díẹ̀."

"Olè ọkọ!"

"Ẹ̀yin tí ẹ gbé mi dé ibi tí ọmọ mi kò ti rí mi bu oúnjẹ fún!"

A jà lọ́jọ́ náà, ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. A wá fẹnu kò pé kí á yí ara wa padà. Ṣùgbọ́n ta ni kó kọ́kọ́ yí? Mo ní kí òun kọ́kọ́ yí tèmi nítorí òun ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí èmi kọ́kọ́ yí tòun nítorí tòun ló burú jù. Mo mọ̀ pé tí mo bá gbé e sókè tán, yóò rìn jáde. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa tèmi. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ṣe "ẹ̀yin kọ́", "ẹ̀yin náà kọ́". Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọgbọ́n dé. A di ara wa lọ́wọ́ mú wọ yàrá fóòmù pé kí á yí i papọ̀.

Tábìlì ṣófo. Ọkọ mi ti di ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpò, ó ti gbé e lọ sí gbọ̀ngàn tí yóò ti ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

A bá a níbẹ̀. Èrò ti ń jókòó. Ó gbá wa mọ́ra, òógùn ìdùnnú wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyàwó mi! Kókó méjì tó kù ti níṣẹ́ o. Ìparí orin ni mo fi lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ló máa mú gbogbo rẹ̀ lọ sílẹ̀ títí á fi dákẹ́."

Àna mi fún mi lọ́wọ́ pinpin.

"Ọkọ mi, dákun, má fọwọ́ kan keje," ni mo wí. "Má fọwọ́ kan ìkẹjọ!"

Ó tẹ etí sílẹ̀. "Ẹ ní kí lẹ wí?"

Mo tún un wí. Mo lọgun rẹ̀. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tí kò gbọ́ nígbà tí wọ́n fà á lọ.

Ìlà iwájú ni a jókòó sí. Ó ṣeré, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣeré! Ìka rẹ̀ ń fò láti kókó dé kókó, orin ń fẹ̀, ó ń súnkì, ohùn àna mi ń gba orí òrùlé. Mi ò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Nígbà tó yá, ó di ojú, ó na ìka sí keje pẹ̀lú ìkẹjọ, ó sì ń yí méjèèjì lọ sí òsì, jẹ́ẹ́jẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́, títí wọ́n fi dúró.

Gbogbo èrò dìde. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́, tèmi kò dún. Obìnrin kan tó wọ pupa yà wá sí ìlà wa, ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lórí itan. Báàgì náà kò wúwo. Ó gba ara mi kọjá, orí àga ló balẹ̀ sí.

A fẹsẹ̀ rìn délé. Kí a tó dé, ọkọ mi ti pa iṣẹ́ gbogbo kókó rẹ́, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin tuntun. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí eré bá ti parí. A fọwọ́ kan kókó méjèèjì títí, kò sí iná tó tàn, a há sí ibi tó yí wa dé. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé orin àná sí i, ó pe ìyá rẹ̀, ó ní, "Ta ló kọ eléyìí? Ohùn rẹ̀ dùn." Ìyá rẹ̀ dúró, ó gbọ́ ọ. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, bóyá orí fóònù ló ti rí i gbà.

A sunkún. Ṣùgbọ́n ẹkún náà tán. Èmi àti àna mi ń gbọ́ ara wa ketekete báyìí, ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A kò ní ọkọ mọ́, orogún nìkan ló kù, orogún tí kò sì ní ọkọ, kí ni wọn á fi jà? Láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni à ń tàkúrọ̀sọ. Ó ń kọrin, mo ń gbè é. Òun ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí bírò ṣì ń gbọ́ tèmi.

Lánàá, ìyàwó ọmọ mi rí ìwé yìí lórí tábìlì. Ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Ó ní, "Ta ló fi ìwé tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ síbí?" Ó gbé e sọ síta, mo mú bírò tẹ̀lé e.

Ìwọ wá mú un, o ń kà á. Gbogbo rẹ̀ lo ti kà.

Ọmọ mi, ṣe nǹkan kan fún mi. Gbé orí sókè, kí o pe ẹni tó wà nítòsí rẹ. Pè é lẹ́ẹ̀mejì. Tí kò bá dáhùn, má ṣe bẹ̀rù rárá. Máa bọ̀. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nínú mi.