Ìkúnlẹ̀ Kànmí Lábẹ́ Igi Ṣẹ́rì

Omi ni Kànmí ń bu sí ìdí igi ṣẹ́rì lọ́jọ́ tí Démi kọ́kọ́ rí i. Òwúrọ̀ Sátidé ni, ní Highbridge, ní Amẹ́ríkà. Òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀, igi gbogbo àdúgbò ti yọ òdòdó. Òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú kún orí ọkùnrin náà bí ẹni tí wọ́n da gúgúrú lé lórí, kò sì mọ̀.

Démi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, níbi tó ti ń tọ́jú ìyá arúgbó kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, onígi. Ẹ gbọn orí yín, ẹ ti fẹ́ máa so èso.”

Garawa fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Kànmí. “Sorry, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Ṣé o ń bú mi ni?”

“Mo ń yìn ọ́ ni.”

Láti ọjọ́ náà, Démi kì í lọ sílé láì gba ìdí igi yẹn kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ilé rẹ̀ ò gba ibẹ̀. Nígbà yìnyín pàápàá, tí igi ti wà níhòòhò, wọ́n á dúró síbẹ̀, wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, Kànmí lọ kí bàbá Démi, Bàbá Ọládélé, nílé. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun. Bó ti wọlé báyìí, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà.”

Bàbá Ọládélé wò ó títí. “Démi, ọkùnrin tó ń kúnlẹ̀ bí obìnrin lo mú wá? Ó ń fi mí ṣẹ̀sín! Mi ò ní fọmọ fún un.” Bàbá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, kò fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan.

Démi sunkún lórí àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí dọ́kàn, ṣùgbọ́n kò lè lọ sílé ọkọ láìgba àdúrà bàbá rẹ̀.

Ìgbà òdòdó tún dé. Àwọn àgbà gbé àga jáde síwájú ilé, àwọn ọmọdé ń fo okùn, bọ́ọ̀sì ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú ariwo. Bàbá Ọládélé jókòó lábẹ́ igi ṣẹ́rì, ó ń yá oòrùn, Démi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kànmí yọ nínú bùbá funfun ọjọ́sí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Shirley, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, figbe ta. “Oh Lord! Should I call somebody?”

“He's fine, Shirley. He's greeting me.” Bàbá ń pa ẹ̀rín mọ́ra. “Ta ló wá kọ́ ẹ?”

“Démi ni sà. Màmá mi nìkan ló tọ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ni mo ń wò, I thought bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é.”

Ojú ti Bàbá díẹ̀, àánú obìnrin tó dá tọ́ ọmọ sì ṣe é. “Dìde, ọmọ mi. Sọ fún màmá rẹ pé mo fẹ́ rí wọn. Wọ́n tọ́ ẹ dáadáa.”

Kànmí dìde. Ó yíjú sí Démi, ó yọ òrùka lápò, ó sì fi orúnkún kan kúnlẹ̀.

“Ó tún ti kúnlẹ̀!” ni Bàbá ké.

“Dádì, ẹ fi sílẹ̀. Èyí bọ́ síbi tó yẹ.”

“Ó dáa, tètè dá a lóhùn kí orúnkún tó dùn ún.”

Démi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbọn òdòdó kúrò lórí olólùfẹ́ rẹ̀, kó tó na ìka sí i.

“Onígi mi,” ó ní, “mo gbà.”