Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ìjàpá

Èébú ni mo fi kí Bólúwají lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kàn án.

Ó wa Ìjàpá kan wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtamágà, níbi tí mo ti ń rán ìjókòó mọ́tò. Mọ́tò kékeré rìbìtì, aláwọ̀ ewé, tó ti wà lójú títì kí wọ́n tó bí mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo wonú ẹ̀, inú bí mi.

"Ta ló rán ìranù yìí?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Télọ̀ kan ni."

"Arúgbó tó rẹwà báyìí, ẹ wọ àpò sìmẹ́ǹtì fún un! Ojú ò tì yín?"

Kàkà kó bínú, ẹ̀rín ló ń rín. "Mọ́tò bàbá mi olóògbé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀ ọ́ láṣọ gidi."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ pa mọ́tò náà lórí bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú mi. Kí n má purọ́, mi ò bá a jà rárá.

Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù mi di ilé kejì fún Bólúwají. Á gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà aganyin dání, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń fa okùn. Nígbà tí mo dé ìjókòó ẹ̀yìn, mo pè é.

"Wá wo ibí. Abẹ́ ìjókòó yìí ni bátìrì Ìjàpá wà. Má gbẹ́rù wúwo lé e láéláé. Tí irin ìjókòó bá tẹ̀ wálẹ̀, tó kan orí bátìrì, iná ni o."

"Mo gbọ́, adúmáadán mi. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa bá ń wa mọ́tò àtijọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni wàá jókòó sí. Màmá mi á fojú ara wọn rí ẹ."

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ lèyí. Màmá Agnes, ìyá rẹ̀, ará Ìlàjẹ tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ti búra pé ọmọ àwọn ò ní fẹ́ ọmọ Bùsàrí bàbá mi, Mùsùlùmí ará òkè tó ń háyà ilé ní Lásùnwọ̀n. Wọ́n ní ẹnu mi mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Wọn ò parọ́.

Láàárọ̀ Sátidé tí à ń lọ, mo wọ bùbá tuntun. Mo dé ibi táwọn ẹlẹ́gbẹ́ tò sí, mọ́tò àtijọ́ lóríṣiríṣi, gbogbo wọn ń dán bí ẹyin. Mo wonú Ìjàpá. Orí obìnrin kan wà níwájú. Lórí ìjókòó tí mo fọwọ́ ara mi rán!

Glory ni, ọmọ ìjọ Màmá, síkáàfù yẹ́lò lórí, ẹ̀rín músẹ́ lẹ́nu.

Bólúwají fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Waliyah, jọ̀ọ́, má pariwo. Màmá ló pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní bí Glory ò bá jókòó síwájú, mọ́tò ọkọ àwọn ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀."

"Ìwọ wá ní kí ni?"

"Mo ní... ó dáa."

"Ó dáa! Ahọ́n ẹ ò gé?"

Mo fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n Benjamin, aṣíwájú ẹgbẹ́, ọkùnrin dúdú eléyín funfun tí ò tíì gbéyàwó, sáré bá mi. "Sísítà Waliyah, ẹ má lọ o. Ojú Bàbá Nehemiah ò gbé ọ̀nà jíjìn mọ́. Ẹ bá wọn wa Píjò wọn. Lẹ́yìn Ìjàpá gan-an lẹ máa wà."

Ẹ̀yìn! Bólúwají gbé ẹlòmíràn síwájú, Benjamin tún ní kí n máa wò wọ́n. Mo gba kọ́kọ́rọ́. Tí wọ́n bá ní kí n wò, mo máa wò.

Bàbá Nehemiah jókòó tì mí. "Ọmọ mi, òfin ẹgbẹ́ wa ò ju ẹyọ kan lọ. A kì í kọjá ara wa lọ́nà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni ojú ẹni tó wà níwájú."

"Bàbá, ojú yìí á fọ́ ká tó dé Ẹ̀pẹ́."

Fèrèsé ẹ̀yìn Ìjàpá ò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Orí méjì ló kún inú ẹ̀. Tí orí Glory bá yí sápá òsì, ọkàn mi á yí tẹ̀lé e. Owú jẹ mí, ó jẹ mí dé eegun. Ká tó kúrò ní Ìkòròdú tán, mo rí i tí ọwọ́ ẹ̀ lọ sẹ́nu Bólúwají. Ó ń fún un ní nǹkan jẹ! Mo tẹ hóònù. Pàáà!

Bàbá ta gìrì. "Kí nìyẹn?"

"Ewúrẹ́ ni, Bàbá."

"Mi ò rí ewúrẹ́ kankan."

"Inú Ìjàpá ló wà."

Nígbà tá a dé ìtòsí Ìmọ̀ta, Glory gbọn nǹkan kúrò léjìká Bólúwají. Eruku ni o, èèrà ni o, mi ò mọ̀. Pàáà! Bólúwají na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń jù ú sókè sódò, bí ẹni ń sọ fún màlúù pé kó rọra.

Ó kù díẹ̀ ká dé Ìtòìkín ni ọ̀nà dagẹ̀rẹ́ wálẹ̀, tí mo wá rí ìjókòó ẹ̀yìn dáadáa. Kúlà ńlá kan wà lórí ẹ̀, irú èyí tí géńdé méjì ń gbé. Oúnjẹ tí Glory sè fún Màmá nìyẹn. Èéfín tín-ínrín kan ń yọ lábẹ́ ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ló gbóná. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bátìrì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Kó jó. Kó jó pẹ̀lú síkáàfù, pẹ̀lú kúlà. Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ ju ìṣẹ́jú ojú lọ, ìbẹ̀rù sì gbá a dànù. Ọlọ́kàn mi ló wà nínú mọ́tò yẹn.

Mo tẹ hóònù, mi ò gbọ́wọ́ kúrò. Mo ń tan iná mọ́tò, mo ń pa á. Bólúwají tún na ọwọ́ jáde: rọra, rọra. Ó rò pé owú ni! Ta ni ò ní rò bẹ́ẹ̀? Láti Ìkòròdú ni mo ti ń tẹ hóònù lórí eruku.

"Bàbá, ẹ di nǹkan mú."

"Waliyah! A kì í kọjá ara wa!"

Mo kọjá. Mo fi Píjò dínà fún un, mo bẹ́ sílẹ̀. Glory ti yọrí síta. "Ṣé owú lẹ fẹ́ fi pa wá ni, sísítà?"

"Bọ́ọ́lẹ̀! Iná wà lábẹ́ kúlà ẹ!"

Wọ́n wẹ̀yìn. Igbe ta. Bólúwají gbé kúlà sọ sínú koríko, èmi fa ìjókòó yọ, fóòmù ti ń jó. Bàbá Nehemiah, tí wọ́n ní ojú wọn ò ríran, ti gbé agolo pupa tí wọ́n fi ń paná dé. Ó tú fùú, iná kú. Mo fa lẹ́dà iṣẹ́ mi yọ nínú báàgì, mo fi bo orí bátìrì.

Bólúwají dì mọ́ mi lójú gbogbo ẹgbẹ́. "Waliyah mi. Ọkàn mi."

"Fi mí sílẹ̀. Mi ò sọ fún ẹ nípa ẹrù?"

"O sọ fún mi."

Glory ní òun ò wọ àpótí iná mọ́, ó lọ bá mọ́tò mìíràn. Bólúwají ṣílẹ̀kùn iwájú fún mi.

"Rárá o," ni mo wí. "Ibi tí iná ti lé ẹlòmíràn kọ́ lò ń gbé èmi sí. Kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níwájú Màmá ẹ."

Orí kan ṣoṣo ló kù nínú fèrèsé nígbà tá a tún gbéra. Bàbá Nehemiah rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rò pé Benjamin ló fi ẹ́ sẹ́yìn? Nínú ẹgbẹ́ wa, oníkálukú ló ń yan ẹni tó máa wà lẹ́yìn òun. Ẹni tó bá lè fi ẹ̀mí ẹ̀ lé lọ́wọ́ ló ń yàn. Láàárọ̀, ọmọkùnrin yẹn bẹ̀ mí títí mo fi fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ mi."

Inú mi dùn. Mi ò jẹ́ kó hàn. "Ó dáa, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kọ́ ni wọ́n ń gbé ìyàwó sí."

Màmá Agnes ń dúró dè wá létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja. Wọ́n rí Ìjàpá tí ò ní ìjókòó ẹ̀yìn. "Ta ló dáná sun mọ́tò ọkọ mi?"

"Èmi ni, Màmá," Bólúwají dáhùn. "Mo mọ̀ pé wọn kì í gbẹ́rù síbẹ̀, ẹ̀rù yín bà mí, mo gbé e síbẹ̀. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ẹ̀rù yín bà mí, mo gbé ẹlòmíràn síwájú. Ẹ̀rù yẹn ti tán. Waliyah ni mo fẹ́."

"Ọmọ Bùsàrí? Ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kúulé, Màmá. Ẹnu yìí náà ló pariwo tí ọmọ yín ò fi jóná."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Glory gbóúnjẹ wá fún mi. Ìwọ ńkọ́, kí lo gbé wá?"

"Ọmọ yín ni, Màmá."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn yíjú sí Bólúwají. "Sọ fún un kó dìde. Omi ẹja ló wà nílẹ̀ yẹn, kó má ba bùbá ẹ̀ jẹ́."

Bàbá Nehemiah sọ sí mi létí pé lẹ́nu Màmá Agnes, ìdána ìyàwó nìyẹn.

Nígbà tá a ń padà, Bólúwají tún ṣílẹ̀kùn iwájú, ojú ẹ̀ ń tàn. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Èmi ni mo máa wà á. Ìwọ, lọ wa Píjò Bàbá. Ẹ̀yìn ni wàá wà."

"Ta ló wá máa jókòó tì ẹ́?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. "Búròdá Benjamin! Ẹ wá jókòó síwájú."

Benjamin ń sọ ìtàn àbúrò ẹ̀ tó fẹ́ fi mọ́tò àtijọ́ kó yanrìn. Ìtàn náà ò pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ gbá a léjìká. Pàáà! lẹ́yìn wa.

"Kí nìyẹn?" Benjamin bi mí.

"Ewúrẹ́ ni."

Pàáà! ní Ìtòìkín. Pàáà! ní Ìmọ̀ta. Kò sì lè kọjá. Òfin ni òfin.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, Bólúwají bẹ́ sílẹ̀, òógùn bò ó. "Kí ló ń sọ fún ẹ láti Ìtòìkín?"

"Lọ tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi ní Lásùnwọ̀n ná, kó o tó máa bi mí."

"Mò ń bọ̀ lọ́la!"

"Má dá wá o. Mú Màmá dání, iwájú ni kó o gbé wọn sí. Ta ló máa wà lẹ́yìn yín?"

Kò ronú rárá. "Ìwọ ni."

Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un kó gbọ́ dáadáa: tí mo bá rí orí obìnrin mìíràn nínú fèrèsé yẹn yàtọ̀ sí ti ìyá ẹ̀, èéfín yòówù kó yọ, mi ò ní tẹ hóònù.