Àwo Omi Ìkẹyìn

Bhavya ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá sáyẹ́ǹsì, àyà rẹ̀ sì já. Àwo tí kò yẹ kí nǹkankan hù nínú rẹ̀ ti hu irun aláwọ̀ eérú yí ká.

Ewé dóńgóyárò ni òun àti Girish, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fi ń ṣiṣẹ́. Olú tíntìntín kan wà tó jẹ́ pé inú ewé gan-an ló ń gbé, ojú lásán kò lè rí i. Ẹni tó bá fẹ́ kó jáde yóò kọ́kọ́ fi sípíríìtì àti bíliìṣì fọ ara ewé títí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn níta yóò fi kú. Yóò fi omi sísè ṣàn án, kó tó gé e sínú àwo omi pòtétò tó ti dì bí ẹ̀kọ. Omi tó fi ṣàn án kẹ́yìn, yóò kán an sí àwo mìíràn. Bí nǹkan bá hù níbẹ̀, a jẹ́ pé ewé kò mọ́. Ohun tó hù lára rẹ̀ kì í ṣe ará ilé, àlejò ni.

"Bó bá hù, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Mísì Sudhamani, olùkọ́ wọn, máa ń wí.

Bhavya mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Òun ló fọ ewé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́nu géètì pé kó wá ṣeré kàbádì, ó bá ri ewé bọ bíliìṣì fìrí, ó yọ ọ́. Wọ́n ní ìkánjú àti pẹ̀lẹ́, ọgbọọgba ni. Bhavya ní tòun yá ju pẹ̀lẹ́ lọ. Ìdíje sáyẹ́ǹsì sì rèé lọ́la ní ìlú Mysuru, ẹni tó bá gbégbá orókè yóò lọ sí àṣekágbá ní Bengaluru, olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sọ àwo náà sí garawa ìdọ̀tí, ó mú òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, ó sì lẹ bébà orúkọ tó yọ lára ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, onídàájọ́, bàbá arúgbó kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbin olú, gbé àwo náà sójú ìmọ́lẹ̀.

"Àwo yìí mọ́ jù. Omi kì í kán sórí rẹ̀ kó má fi ojú àpá sílẹ̀. Ta ló kán omi sí i?"

"Èmi ni, Sà," ni Girish dáhùn.

"O ò kán nǹkankan. Irọ́ lò ń pa fún mi."

"Mo kán an, Sà. Ẹ bi Bhavya, ó wà níbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Bhavya. Ó wolẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí wọ́n ṣe lé wọn kúrò nínú ìdíje nìyẹn, tí Mísì sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé Girish kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan yàrá sáyẹ́ǹsì mọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, Girish wá jókòó tì í. Ó ṣí ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ fi àjàgbọn sè, ó tì í sọ́dọ̀ Bhavya.

"Jẹun. Má bínú sí mi, jọ̀ọ́. Mo ti ń rò ó. Bóyá mi ò kán an lóòótọ́. Mo rò pé mo kán an ni, àmọ́ bàbá yẹn ò lè ṣàdédé purọ́ mọ́ mi. Mo ti bà á jẹ́ fún ẹ."

Ojú ti Bhavya, ìtìjú tó ń mú ara ta èèyàn. Ohun tí ọmọ yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, òun ti mú kó máa ṣiyèméjì lórí rẹ̀, ọmọ náà ló tún wá ń bẹ òun. Ó dìde, ó di irin bọ́ọ̀sì mú, ó rìn lọ bá Mísì níwájú, ó sì jẹ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn.

Mísì yíjú sí i.

"Àwo tó bu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Bhavya. Ká ní o gbé e wá ni, à bá jọ tún ewé fọ̀, ká dúró de ọdún tó ń bọ̀. Padà lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀."

Ó padà. Girish ti pa ike oúnjẹ rẹ̀ dé.

"Ò ń gbọ́ bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́," ló wí, kò wo ojú rẹ̀. "O sì jẹ́ kí n máa bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n dá Girish padà sí yàrá sáyẹ́ǹsì lọ́sẹ̀ yẹn, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń bá a fọ ewé báyìí. Ó ń kí Bhavya bó bá kí i, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tó ń rìn ló ń kọsẹ̀. Ẹni tó bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, tó jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà rẹ̀, ni ojú ń tì, ìtìjú náà kì í sì í tètè kúrò lára, bí wọ́n bá tilẹ̀ ti dárí jì í.