Olùkọ́ Tí Kì Í Kánjú

Lórí ìkúnlẹ̀ ni olùkọ́bìnrin kan ti kọ́kọ́ rí olùkọ́kùnrin tuntun tó dé sílé ẹ̀kọ́ wọn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sí i léjìká bó ṣe kúnlẹ̀ ti ọmọ girama kan tó ń sunkún nídìí kọ̀ǹpútà. Ọkàn obìnrin náà fò fẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ obìnrin yìí làwọn ọmọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àwòrán bíríkì aláwọ̀ mèremère pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà láti fi rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ tuntun yìí ni wọn yóò ti máa fọwọ́ ara wọn tẹ iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀. Jìnnìjìnnì sì bò wọ́n.

“Má pa bíríkì rẹ rẹ́,” ni ọkùnrin náà ń sọ. “Jẹ́ kó wà lọ́tùn-ún, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sósì. Ìlà kan péré tó fún òní.”

“Tí mo bá ṣì í kọ ńkọ́, sà?”

“A ó tún un kọ. Kọ̀ǹpútà ò lè nà ọ́.”

Làwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Tíṣà Díẹ̀díẹ̀.

Àwọn méjèèjì wá ń jókòó pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́: obìnrin á to bíríkì, ọkùnrin á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé ojú àlá ni wọ́n wà. Kò pẹ́ rárá tí ọkùnrin náà fi ní, “Olólùfẹ́, jẹ́ ká fẹ́ra wa.”

“Tíṣà Díẹ̀díẹ̀, ta ló ń lé ọ bọ̀?” Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀ kan.

Ìyá olùkọ́bìnrin náà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. “Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ọmọ mi yìí nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Òun náà lo fẹ́ mú lọ?”

“Mi ò ní fi Màámi sílẹ̀,” ni ọmọ rẹ̀ wí, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ó dun ọkùnrin náà wọra. Ohun tí kò jẹ́ ṣe fún ọmọ girama ló fẹ́ ṣe fún ìyá àgbà yìí: ó fẹ́ gba ohun tó mọ́ ọn lára lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mọ́. Ó kàn ń wá ni, á jẹun, á bá ìyá ṣeré, á sì gbọ́ ìtàn olóògbé lágbọ́túngbọ́.

Nígbà tó yá, òjò dá a dúró lọ́jọ́ kan. Ìyá ń jókòó, ó ń dìde, ó ń yọjú síta. Bí ọkùnrin náà ṣe wọlé báyìí, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ìyá fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

“Ọmọ mi wà nílé láti àárọ̀, síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀. Ìwọ ni mò ń retí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ra yín.”